Ọjọ́ kan l'Ékòó pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti màmá: afárá ni kẹ́ ẹ kà, ẹ fi kìlómítà sílẹ̀

Ìyá Ìbejì kan láti Challenge n'Íbàdàn ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Òun, ọkọ òun, àwọn ìbejì ọmọ ọdún méje, àbúrò wọn ọmọ ọdún mẹ́ta, àti ìyá ọkọ òun tí orúnkún ń dà láàmú, wọ́n fẹ́ lọ s'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé kan kí wọ́n sì padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò ní gbé mọ́tò lọ. Ibi tí wọ́n fẹ́ dé: mùsíọ́mù Oníkàn, afárá tí wọ́n so sáàárín igi ní Lekki, etíkun, móòlù Ìkẹjà, kí wọ́n tún yà kí àǹtí kan ní Ìyànà Ìpájà. Wọ́n ní kí n sọ ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ láti ibì kan dé èkejì.

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ má bínú pé mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí gbogbo ibi tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ yẹn, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta lẹ kó sínú ọjọ́ kan. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn ẹbí tó wá láti ìta káàkiri Èkó, ohun tó sì máa ń bá ọjọ́ àwọn èèyàn jẹ́ jù ni pé ibi tí wọ́n fẹ́ dé ti pọ̀ jù kí wọ́n tó jáde nílé. Nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ọmọ ń sunkún, ìyá ń bínú, bàbá ń wo aago, wọn ò tíì rí ìdajì ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ìyànà Ìpájà àti Ìkẹjà, Méńlándì ni wọ́n wà, lápá òkè níbi tẹ́ ẹ máa gbà wọlé láti Ìbàdàn. Oníkàn wà ní Áílándì. Lekki tún kọjá Áílándì lọ síwájú, lẹ́yìn Victoria Island. Afárá mẹ́ta péré ló wá so Méńlándì pọ̀ mọ́ Áílándì: Carter Bridge, Eko Bridge, àti Third Mainland tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12. Gbogbo mọ́tò tó bá fẹ́ sọdá, àti ti olówó àti ti tálákà, àfi kó gba orí ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn. Ìdí nìyẹn tí ará Èkó fi lè sọ fún yín pé ibì kan jìnnà nígbà tí Google ń sọ pé kìlómítà mẹ́jọ péré ni. Tẹ́ ẹ bá ń ṣètò, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sọdá afárá, ẹ yọ odidi wákàtí kan sílẹ̀ fún un, tó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èrè yín ni. Ẹ̀yin fẹ́ wọ Áílándì, kẹ́ ẹ kọjá sí Lekki, kẹ́ ẹ tún padà sí Ìkẹjà, kẹ́ ẹ tún gba Ìpájà. Pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta? Ó tì o. Ẹ sọdá lẹ́ẹ̀kan lọ, ẹ sọdá lẹ́ẹ̀kan bọ̀. Oníkàn àti àyíká ẹ̀ ni mo máa mú fún yín, ìdí ẹ̀ á yé yín tá a bá ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé bọ́ọ̀sì orí títì láti Ìbàdàn, ẹ wọ rélùwéè. Títì Èkó s'Íbàdàn ti dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ẹ ò lè mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ níwájú Mówé tàbí Berger. Àwọn tó mọ ọ̀nà yẹn dáadáa kì í rin ìrìn fàájì lọ́jọ́ Fúráìdé àkọ́kọ́ nínú oṣù tàbí àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, torí ìsìn òru ní Redemption City, èrò tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Rélùwéè ò mọ ìyẹn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ló ti ń kó èrò, ojú irin yẹn gùn tó kìlómítà 157, ó ń gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì máa ń tó bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó dé.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Mọ́níyà ni sítéṣọ̀n wà, Challenge lẹ̀yin ń gbé. Ẹ̀yìn lẹ máa kọ́kọ́ lọ kẹ́ ẹ tó máa bọ̀ níwájú, torí ọ̀dọ̀ yín ló súnmọ́ Èkó, Mọ́níyà wà lẹ́yìn Òjóò lọ́hùn-ún. Ó máa ń dun àwọn ará Challenge, mo mọ̀, èèyàn á máa rò ó pé ká ní bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ ní ẹnu ilé mi ni, mo ti dé Ìbàfò. Ẹ fara mọ́ ọn. Ẹ bá onímíkírà kan tẹ́ ẹ mọ̀ sọ̀rọ̀ lálẹ́ Fúráìdé, kó wá gbé yín ní aago márùn-ún ààbọ̀. Mọ́tò kan ò ní gba gbogbo yín, ẹ ò sì ní ká ara yín lé ara yín láti Challenge dé Mọ́níyà, torí náà ẹ gba méjì, kí bàbá wà nínú ọ̀kan, kẹ́yin wà nínú èkejì. Rélùwéè àárọ̀ máa ń gbéra ní Mọ́níyà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, èyí tó ń padà máa ń kúrò l'Ékòó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yí aago yẹn padà nígbà mìíràn, èyí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí Sátidé tó dé. Àbọ̀ ló máa ń kún jù. Kẹ́ ẹ má wá rà á lọ́jọ́ náà kí wọ́n sọ fún yín pé ó ti tán, kẹ́ ẹ wá máa wá bọ́ọ̀sì ní Òjọ́ta lálẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ti standard ti tó, ẹ má fi owó ṣòfò sórí èyí tó wọ́n.

Sítéṣọ̀n tẹ́ ẹ máa bọ́ sí ni Mobolaji Johnson, ní Alágòmẹjì, láàárín Yábàá àti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Orúkọ gómìnà tó kọ́kọ́ jẹ n'Ípìnlẹ̀ Èkó ni, ẹ lè sọ ìyẹn fún àwọn ìbejì kí wọ́n rí nǹkan gbé lọ sí iléèwé.

Ẹ wá jẹ́ ká ka wákàtí yín. Ẹ bọ́ sílẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá. Ẹ gbọ́dọ̀ ti padà sí sítéṣọ̀n ní aago mẹ́ta, torí wọ́n á yẹ ẹrù wò, wọ́n á wo tíkẹ́ẹ̀tì, ìlà á wà, màmá ò sì lè sáré. Wákàtí mẹ́rin ló kù. Tẹ́ ẹ bá yọ ìrìn lọ àti ìrìn bọ̀ kúrò, wákàtí méjì péré lẹ ní láti fi jẹ ìgbádùn l'Áílándì. Gbogbo Èkó tẹ́ ẹ ní lọ́jọ́ náà nìyẹn! Ẹ rí i pé Lekki ti jábọ́ fúnra ẹ̀.

Láti sítéṣọ̀n, ọ̀nà méjì ló wà dé Áílándì tí mo fẹ́ràn, ọ̀kan yá, ọ̀kan dùn. Èyí tó yá ni kẹ́ ẹ gbé mọ́tò gba Adékúnlé bọ́ sórí Third Mainland, tẹ́ ẹ sì máa já sí Oníkàn láì wọ inú ọjà kankan. Èyí tó dùn ni Blue Line. Mo máa sọ pé kẹ́ ẹ bá èyí tó dùn lọ, kẹ́ ẹ bá èyí tó yá bọ̀. Èèyàn lè jáfara lórí àlọ, àbọ̀ ni rélùwéè ń dúró dè yín, kò sì ní dúró. Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbà rárá ni ti Oyingbo sí Ìddó sí Carter Bridge, torí Ìdúmọ̀tà ló máa já yín sí, Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa jókòó sínú mọ́tò kẹ́ ẹ máa wo àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn bí wọ́n ṣe ń kọjá yín.

Blue Line yìí, ọkọ̀ ojú irin oníná ni, Mile 2 ló ti ń bọ̀, Marina ló ń parí sí, ó tó kìlómítà 13, oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Sítéṣọ̀n tó súnmọ́ yín jù ni ti National Theatre n'Ígànmú. Tẹ́ ẹ bá jáde ní Mobolaji Johnson, ẹ má wulẹ̀ máa pe táksí, ẹ̀yin mẹ́fà ò ní wọ̀ ọ́, ẹ ṣáátà kórópe kan. Ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ dárúkọ ibẹ̀ dáadáa, ẹ ní "sítéṣọ̀n Blue Line n'Ígànmú, a ṣáátà ẹ ni o, má gbé èrò mìíràn", torí tẹ́ ẹ ò bá sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, á máa dúró káàkiri. Àwọn ọmọ á rí National Theatre fúnra ẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ fún FESTAC ọdún 1977, ó rí bíi fìlà sọ́jà, wọ́n ti sọ ọ́ ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká báyìí.

Ẹ ò lè fi owó ọwọ́ wọ Blue Line o. Káàdì tí wọ́n ń pè ní Cowry lẹ máa rà, ẹ máa rówó sí i, ẹ máa fi kan ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ máa tún fi kàn án tẹ́ ẹ bá ń jáde. Káàdì yẹn náà ni wọ́n fi ń wọ BRT àti ọkọ̀ ojú omi ìjọba, kò lè ṣòfò, ẹ lè fún àǹtí yín tẹ́ ẹ bá ń lọ. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Ti àwọn ọmọ, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu géètì kẹ́ ẹ tó kan káàdì kankan, kẹ́ ẹ má baà sanwó méjì. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ibi tí èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ sí, kí màmá má bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún gun àtẹ̀gùn, ẹ béèrè ibi tí lífìtì wà, kí wọ́n mú un lọ. Kí àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀, ẹ di ọwọ́ àbúrò wọn mú ṣinṣin, torí iná tó ń wa ọkọ̀ yẹn, nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló wà, kì í ṣe orí wáyà lókè. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ wá ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kẹ́ ẹ tó dé Marina, ọkọ̀ náà máa gba orí omi kọjá, ẹ máa rí ọ̀sà, ẹ máa rí àwọn ilé gíga Áílándì níwájú. Mo ti rí i lára àwọn ọmọ tí mo ń kó kiri, ibi tí wọ́n ti máa ń pariwo jù nìyẹn. Ẹ̀mí mi ò gbà kí àwọn ìbejì yín pàdánù ẹ̀.

Ní Marina, CMS lẹ bọ́ sí yẹn. Ìrìn ẹsẹ̀ láti ibẹ̀ dé Oníkàn ò pọ̀ fún ẹni tí ara ẹ̀ le, àmọ́ oòrùn ọ̀sán àti màmá, ẹ fi Bolt tàbí táksí parí ẹ̀. Kí bàbá àti àwọn ìbejì bá ẹsẹ̀ lọ tí wọ́n bá fẹ́, kẹ́yin àti màmá àti ọmọ kékeré gbé táksí, kẹ́ ẹ pàdé lẹ́nu géètì mùsíọ́mù. Àwọn tó máa rìn, kí wọ́n bẹ Broad Street wò, kí wọ́n yà sí Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni, ibi tí wọ́n ti wọ́ àwọn bíi Awólọ́wọ̀ jù sẹ́wọ̀n ló di ibi tí wọ́n ti ń ṣeré tí wọ́n ti ń jẹun báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ yà sí Balógun ra aṣọ díẹ̀. Ọjà náà ò burú, èmi náà ń nájà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá mú ọmọ mẹ́ta wọ Balógun lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ló máa máa kà títí tó fi máa jáde, kò ní rí aṣọ.

Ìdí tí mo fi mú Oníkàn ni pé gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀ lójú kan. Mùsíọ́mù ìjọba wà níbẹ̀ láti ọdún 1957, ibẹ̀ ni mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sínú ẹ̀ lọ́dún 1976 wà, ihò ọta ṣì wà lára ẹ̀. Màmá á rántí ọjọ́ yẹn, ẹ bi í kó sọ ibi tó wà nígbà tó gbọ́ fún àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ á dùn ju ti ẹni tó ń mú yín káàkiri lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni ilé John Randle wà, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tuntun, lórí ilẹ̀ tí Dókítà Randle gbẹ́ odò ìwẹ̀ sí fún àwọn ará Èkó láyé àwọn òyìnbó. Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni agbára yín ká, ibẹ̀ ni mo máa ní kẹ́ ẹ wọ̀, torí ohùn àti àwòrán pọ̀ níbẹ̀, ọmọdé kì í tètè sú. Ẹ wo ọjọ́ àti aago tí wọ́n ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Tafawa Balewa Square náà wà nítòsí, ibẹ̀ la ti gba òmìnira lọ́dún 1960, ẹ lè ya fọ́tò àwọn ẹṣin ẹnu ọ̀nà ẹ̀ láti ìta, ó tó.

Oúnjẹ: ẹ dì í nílé. Ìrẹsì nínú kúlà, omi, bisikíìtì, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fojú sí ju oúnjẹ lọ. Kí gbogbo ọmọ tọ̀ kí rélùwéè tó dúró, kí wọ́n tún tọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní mùsíọ́mù, yálà ó ń gbọ̀n wọ́n tàbí kò gbọ̀n wọ́n, torí kò sí ibì kankan lórí Third Mainland tí ọmọ lè sọ pé òun fẹ́ ṣe.

Ẹ máa sọ pé dánfó ńkọ́, torí ó pọ́n dandan kó wọ inú ìrìn Èkó. Ó ṣeé wọ̀ fún ìrìn kékeré, ṣùgbọ́n inú gáréèjì tàbí bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù tí èrò wà ni kẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́, ẹ má wọ èyí tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń pè yín lórúkọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an, ibẹ̀ ni one chance ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Kọ́ńdọ̀ á kígbe pé "wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o", tẹ́ ẹ bá fún un ní owó ńlá, á so yín pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, á kó owó ẹ̀yin méjèèjì lé ẹnì kan lọ́wọ́, kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ lọ pín in fúnra yín, ẹni tí wọ́n so yín mọ́ lè máa lọ sí òdìkejì ibi tẹ́ ẹ ń lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́, "ó wà o!" ni kẹ́ ẹ pariwo, kí ohùn yín sì le. Ọ̀kadà, ẹ má dá a láṣà, wọ́n ti fòfin dè é l'Áílándì àti ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tẹ́ ẹ máa gbà kọjá láti oṣù kẹfà ọdún 2022.

Etíkun àti Lekki wá kù. Afárá inú igi tẹ́ ẹ ń sọ yẹn gùn tó mítà 401, ó ń mì, ó ga, àtẹ̀gùn ló gùn dé ibẹ̀, màmá ò lè gùn ún, ọmọ ọdún mẹ́ta náà ò ní í rìn ín tán. Kí bàbá mú àwọn ìbejì nìkan lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n bá ti pé ọdún mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ omi dandan, Tarkwa Bay ló dáa, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ dé ibẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tó jẹ́ pé ẹ sùn l'Ékòó ni. Ẹ má wọ ọkọ̀ kankan tí wọn ò bá fún ọmọ ní jákẹ́ẹ̀tì tó bá a mu, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé lé e lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ọn lára kẹ́ ẹ tó kúrò ní èbúté. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ padà sílé. Awakọ̀ tó bá ní "kò ní pẹ́, a máa dé kí òjò tó rọ̀", ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ti àǹtí yín, mo rò ó dáadáa. Ìyànà Ìpájà ò jìnnà sí Agége, Red Line sì ń gba Agége kọjá, ó ń ti Agbádó bọ̀ wá parí sí Oyingbo, ìyẹn ò jìnnà sí sítéṣọ̀n yín. Kí àǹtí ló wá bá yín, ẹ má lọ bá a. Kó wọ Red Line láti Agége, kó bọ́ sí Oyingbo, kó pàdé yín ní Mobolaji Johnson ní aago mẹ́ta, ẹ jọ jókòó sọ̀rọ̀ kí rélùwéè tó gbéra, ẹ tún bá a gbé ẹ̀bùn wá láti Ìbàdàn. Tí kò bá gbà, tó ní dandan ni kẹ́ ẹ dé ilé òun, ó dáa, ẹ sùn níbẹ̀ mọ́jú Sunday, ìyẹn lẹ fi máa rí móòlù Ìkẹjà náà, àárọ̀ Sunday kí àwọn èèyàn tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni títì Èkó máa ń fúyẹ́ jù.

Aago méjì lu, ẹ pe mọ́tò l'Óníkàn, ẹ má sọ pé iṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Sátidé ni, òwàm̀bẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ káàkiri, àwọn kan ti gbé kánópì dí títì. Mọ́tò méjì lẹ máa nílò, kí àgbàlagbà wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ní fóònù tó ní iná. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé Third Mainland, kó bọ́ ní Adékúnlé, kó má gba Ìdúmọ̀tà torí pé ẹ̀rọ inú fóònù ẹ̀ ní ó yá. Láti orí afárá, ẹ máa rí Mákòko, àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sórí omi, ẹ fi han àwọn ọmọ.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi bíírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ìsàlẹ̀ apá ọmọ kọ̀ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí bébà sínú àpò ṣòkòtò wọn. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ kan náà fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yin ìyá ìbejì ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Àti àwọn onímíkírà yẹn, ẹ má sanwó tán fún wọn láàárọ̀, ẹ fi ìyókù pa mọ́ títí tí wọ́n á fi wá gbé yín ní Mọ́níyà, torí ilẹ̀ á ti ṣú tẹ́ ẹ bá fi máa bọ́ sílẹ̀, gbogbo èrò inú rélùwéè ló máa máa wá mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, owó tí wọ́n máa pè fún Challenge lálẹ́ yẹn ò ní dùn ún gbọ́.